Àpáta Kì í Ṣe Òṣùpá

Òórùn amóníà ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀
ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Ṣógbèsan, n'Íbarà.
Mo máa ń bu páúdà sórí bébà tírésìn
kí òógùn apá mi má baà mú tádàwà ṣìnà.
Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, abẹ fẹ́lẹ́ la fi ń ha á,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ìkókó.
Bébà á fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Kò ní gbàgbé.

Ìyá Sínótù ra ilẹ̀ n'Íkìjà,
àpáta jókòó sáàárín rẹ̀ bí àlejò tí kò ní lọ.
Wọ́n ní ká fọ́ ọ. Ìyá kọ̀:
orí ẹ̀ ni ìyá òun ti ń sá láfún.
Mo mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n,
mo fi kọ́ńpáàsì yí i róbótó lórí bébà.
Ọ̀gá bọ́ awò ojú ẹ̀.
"Látúndé, àpáta kì í ṣe òṣùpá. Padà lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà.
Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bọ́ bàtà,
mo fọwọ́ tọ ara rẹ̀ láti ìdí dé orí;
oòrùn ọ̀sán ṣì wà nínú rẹ̀,
gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ilé náà yà fún un.
Ó ṣì ń yà fún un dòní.

Lánàá, ọmọ mi tẹ bọ́tìnì,
ilé alájà mẹ́ta dìde lójú kọ̀ǹpútà
kí n tó pa ẹ̀pà kan jẹ.
Ó ṣàṣìṣe, ó tẹ òmíràn,
àṣìṣe lọ láìní àpá.
Ni mo bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri:
àpáta, róbótó.

Mo ní, "Padà lọ."
Ó gbójú sókè.
"Síbo, Dádì?"