Ohùn Wà Lójú, Kò Sí Létí

Aago méjì òru, òjò ń pa Samtredia,
mo tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ, bàbá mi sì lanu.
Mo rí ètè rẹ̀ lábẹ́ irunmú tí sìgá ti sọ di pupa rẹ́súrẹ́sú.
Mo rí òòlù eléèkù gígùn tó balẹ̀ lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojúurin.
Kò dún.
Òṣùwọ̀n ohùn ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, pupa fírí,
bí alángbá tó ń gun ògiri tó tún ń já bọ́.
Ojú mi ń gbọ́, etí mi ń wòran.

Ọ̀la ni ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé.

Mo yọ wáyà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo tún un kì bọ ihò rẹ̀.
Mo yí ohùn sókè títí ó fi kan òrùlé.
Ìlà ohùn kìíní: ta ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́?
Kò sẹ́ni tó pa á lẹ́nu mọ́.
Ìlà kejì: àbí ìwọ nìkan ni mo ní kó sọ̀rọ̀?
Rárá o.
Mo ṣí fídíò mìíràn, àkùkọ aládùúgbò wa,
àkùkọ náà na ọrùn, ó yanu, ó panu dé.
Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo ka ọgbọ̀n. Mo tàn án.
Mo pe Malkhaz ní Batumi, ó fi ojú oorun bi mí pé
ṣé mo rántí tan ẹ̀rọ náà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Otia, bàbá mi, fi lu ẹsẹ̀ ọkọ̀,
láàárín òru, nínú epo dúdú, nínú èéfín,
kò wo irin, ó ń tẹ́tí sí i ni.
Èyí tó pé á hó gbọọrọ, á rìn jìnnà kó tó kú.
Èyí tó ti sán á húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
"Má bẹ̀rẹ̀ níbi tí o ti ń fura," ló máa ń wí,
"ìfura a máa ṣojúsàájú. Ẹsẹ̀ kìíní ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó dáa. Ẹsẹ̀ kìíní.
Maikirofóònù gbọ́ ọ, mo wà níbẹ̀, èmi ni mo mú un dání.
Káàdì pa á mọ́.
Fáìlì pé. Ìlà pé. Òṣùwọ̀n ń jó.
Ó wá ku ẹnu ọ̀nà: ibo ni ohùn ń gbà jáde?
Mo ṣí ààtò, mo kà á, mo nu awò ojú mi, mo tún un kà.
Orúkọ ẹ̀rọ tó wà létí mi kọ́ ló wà níbẹ̀.
"Deda" ló wà níbẹ̀. Ìyá, ní èdè wa.
Sípíkà pẹ́ńpẹ́ aláìníwáyà tí Gocha rà fún un torí àdúrà àárọ̀,
èyí tí kì í dúró kí wọ́n pè é kó tó dáhùn.

Mo dìde. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ díẹ̀.
Ìyá mi, Tsiala, jókòó ti sítóòfù, ó ń fọ́ àsálà fún oúnjẹ ọ̀la,
òòlù kékeré kan dúró lókè lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún," ló wí.
Mo ní kí ló ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló ti sọ ọ́:
Eléyìí ti sán, ẹ má jẹ́ kó lọ.
Mo ti ń wo àwọn àsálà mi, mo rò pé èmi ló ń bá wí."
Ó fọ́ ọ̀kan. Ó tú èèpo rẹ̀ dànù.
"Má sì gé ikọ́ rẹ̀ kúrò."

N kò yí ààtò padà.
Láti ẹ̀yìn ògiri ni mo ti gé ìyókù, títí ilẹ̀ fi ń mọ́,
ètè rẹ̀ ń lọ níwájú, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀,
bíi pé ó ń kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀.
Malkhaz ní àtúnṣe wà fún ìyẹn.
Mo ní kó lọ sùn.