Ìgò Kẹfà

Ìgò mẹ́fà la bu omi Ọ̀ṣun sí,
a lẹ bébà mọ́ wọn lára:
ọjọ́, wákàtí, orúkọ ẹni tó bù ú.
Owó àpò mi ni mo fi ra fíríìjì tí a kó wọn sí,
torí ìwé tí mo kọ nípa fíríìjì
ṣì ń sùn lórí tábìlì ẹnì kan ní Abẹ́rẹ̀.

Àwa márùn-ún la wà ní ẹ̀ka òfin àyíká:
Adétòrò, tó ń ka òfin bí ẹni ń jẹ ìrèké,
eyín ló fi ń bó o, oje ló ń wá;
Ráṣídà, tí ìka rẹ̀ máa ń tẹ̀wé tán kí iná ìjọba tó lọ;
Bàbá Láògún, tó mọ ibi tí gbogbo fáìlì wà
àfi èyí tí a ń wá;
Jìmọ́ tó ń fi igi wọn epo ọkọ̀;
àti èmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá,
tí mo máa ń tọrọ kọ́kọ́rọ́ kí n tó wọ sítóò.
Àwọn tó ń wa góòlù ní lọ́yà mọ́kànlá.

Ó ku ọ̀la kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣí fíríìjì.
Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún.
Mo tún un kà.
Ẹ̀kẹfà, èyí tí a bù lẹ́nu kòtò wọn gan-an,
èyí tó jẹ́ pé láìsí i, kíkùn lásán ni márùn-ún tó kù.

Ìyá Sàídì ló jẹ́wọ́,
ẹni tó ń gbálẹ̀ wa láti ìgbà gómìnà mẹ́ta sẹ́yìn:
"Iná lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, fíríìjì ń sunkún,
mo kó ẹrù inú ẹ̀ jáde kí n lè nù ún.
Mo rí tíì àtijọ́ kan nínú ìgò.
Mo ní kó má baà kan. Mo dà á nù."

Adétòrò rọra sọ ọ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún:
"Odò ṣì wà níbẹ̀, Ọ̀gá.
Jìmọ́ lè lọ kó sì dé kílẹ̀ tó ṣú.
Omi kan náà ni. Ọjọ́ ti tẹ́lẹ̀ la máa kọ."

N kò ní parọ́ fún yín: mo ṣí báírò.
Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí,
omi odò yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ mí.
Ṣùgbọ́n omi ọjọ́ náà ti lọ, ó ti bá ọ̀sà pàdé.
Ẹni tó bá parọ́ nítorí kí odò lè jàre,
ta ni yóò gba odò gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn?
Mo dé báírò.

Ní kóòtù, mo gbé ìgò òfìfo kalẹ̀.
"Olúwa mi, ọ́fíìsì mi ló dà á nù."
Àwọn mọ́kànlá rẹ́rìn-ín sínú gáùn.
Mo ní, mo ní ẹlẹ́rìí kan.

Ìborùn ìkómọ oṣù tó kọjá ni Ìyá Sàídì dà bora.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba Kùránì bí ẹni gba ọmọ tuntun.
Mo bi í pé kí ló wà nínú ìgò.
"Tíì ni mo pè é. Tíì tí kò ní mílíìkì."
Àgbà lọ́yà wọn dìde:
"Màmá, ṣé ẹ ò mọ omi ni?"
Ó wò ó, ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Mo ti ń pọn omi yẹn kí wọ́n tó bí ẹ.
Omi tí mo mọ̀, bí mo bá wọnú ẹ̀,
mo máa ń rí ẹsẹ̀ mi."

Fáànù ń ké lókè. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé.
Adájọ́ kọ nǹkan, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ,
ó sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀.

A ò borí. A ò sì tíì pàdánù.
Jìmọ́ dẹ eré nígbà tí a dé orí afárá,
a ò sì sọ fún un pé kó dẹ̀ ẹ́.
Ìyá Sàídì ò wo odò.
Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló gbálẹ̀ lónìí?"
Kò sẹ́ni tó gbá a.