Ìgò Ìyá Ọkọ Mi

Ìgò ọtí ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti bó ìwé ara rẹ̀.
Láti Ìpetu ni màmá ti gbé e wá sí Iléṣà,
òórùn rẹ̀ ti gba pálọ̀ kó tó jókòó.
"Mu ún, Àwẹ̀ró. Ọmọ á fúyẹ́."

Mo ní, ewé wo ló wà nínú rẹ̀?
Ó ka ọ̀kan, ó ka èkejì,
ó dé ìkẹta, ó wo àjà.

Oṣù márùn-ún. Ẹni tí kò tíì léyín
ń bá mi jẹ, ń bá mi mu;
bí mo bá bí i tán, ọmú ni yóò ti mu ún.

A jọ gbé ìgò lọ bá nọ́ọ̀sì ní Òkè-Ẹ̀ṣọ́.
"Ìkẹta ńkọ́, màmá?"
"Ẹni tó kọ́ mi ló mọ̀ ọ́n.
Ó ti kú."

Òun fúnra rẹ̀ ló dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ó ní, "Ìyẹn ò lóyún."