Àtẹ̀gùn Igba Ó Lé Mẹ́tàlá

Mo tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun wa ní Ìjàpò,
mo fi agolo mílíìkì tẹ igun kan,
mo fi ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Adégbuyì tẹ èkejì.
Fáànù ń yí. Ítálì ń gbọ̀n bí aṣọ tí a sá.

Ọkọ mi ní, "Róòmù ni gbogbo ayé ń lọ."
Mo ní, "Ìdí tí n ò fi lọ nìyẹn."
Ìka mi ti kọjá Róòmù, ó ti kọjá Nápólì,
ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀,
láàárín gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka,
níbi tí ẹni tó ya àwòrán náà kò ti rí orúkọ púpọ̀ kọ.
Basilikátà.
Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dún bí orúkọ ìyá ìjọ.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba,
láti Ọ̀wọ̀ dé Òkìtìpupa, nínú ẹrẹ̀, nínú yẹ̀ẹ̀pẹ̀.
Mo mọ̀ pé ibi tí àwòrán bá ti dákẹ́
lọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Mo dárúkọ Ítálì nípàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì.
Ìyá Jùmọ̀bí wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi:
"Lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́rin? Iṣẹ́ wo lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"
Mo ní òkúta ni mo fẹ́ lọ wò.
Ó ní, "Òkúta tán l'Àkúrẹ́ ni?"

Fọláyẹmí, ọmọ àbúrò mi, ló fi fọ́tò hàn mí:
ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta, ilé lórí ilé,
òrùlé ẹnì kan, òun ni àgbàlá ẹlòmíràn.
Ó ní ìjọba ló kó wọn jáde, ó ti tó àádọ́rin ọdún,
wọ́n kọ́ ilé tuntun fún wọn, tòun ti omi ẹ̀rọ.
Mo gbé fóònù náà kalẹ̀.

Orí òkè Ìdànrè ni wọ́n bí ìyá mi àgbà sí.
Ó bá ìlú sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìlú ń sọ̀ kalẹ̀,
tòun ti adìẹ méjì àti àbọ̀ ọlọ.
Títí tó fi kú, kò jókòó rí
kó kọ ẹ̀yìn sí òkè.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún àwọn ará ibẹ̀.
Mo ti kọ́ ọ lédè wọn, mò ń kà á lákàsórí nílé ìdáná:
ṣé ìyá tiyín náà jókòó bẹ́ẹ̀?

Fọláyẹmí ṣírò fíísà, ó ṣírò ọkọ̀ òfuurufú,
ó ṣírò bọ́ọ̀sì kékeré tí kì í ná ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi.
Adégbuyì ní kòkó ọdún yìí ló máa dá wa lóhùn.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Oṣù Kẹwàá.
Mo kọ sábẹ́ rẹ̀: orúnkún.

Torí orúnkún la ṣe lọ sí Ìdànrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Ẹni tó fẹ́ gun òkè olókè, kó kọ́kọ́ bi tilé léèrè.
Mò ń ka àtẹ̀gùn bí mo ṣe ń gùn ún.
Ní igba ó lé mẹ́tàlá, orúnkún sọ tẹnu rẹ̀.
Mo jókòó.
Ọmọdébìnrin kan gbé ẹ̀pà kọjá lára mi,
ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá," kò dúró.
Adégbuyì ṣí ìgò omi fún mi.
Kò sọ pé, "Ṣebí mo wí?"
Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìgbà náà ni mo wo ibi tí mo jókòó lé.
Òkúta ibẹ̀ ti jẹ wọnú bí àwo,
bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ìdí ti bá a ṣòwò rí,
ìdí aláàárù, ìdí olóyún, ìdí ẹni tó ru omi.
N ò dé ibi tí wọ́n bí i sí.
Mo dé ibi tó ti sinmi.

Nígbà tí a padà délé, mo mú bírò.
N ò pa orúnkún rẹ́ nínú ìwé.
Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀:
ọ̀pá kan. Ọjọ́ méjì sí i.