Orúkọ Àwọn Ará Ilé

Láti ìgbà tí ojú Lola Eustaquia ti ṣú,
èmi ni mo ń bá a wo ògiri.
Tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé ìṣirò lọ́wọ́ òsì,
ojú ewé ẹ̀yìn tó ṣófo ni mo ń kọ wọ́n sí.
Erékùṣù Camiguin, àṣálẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
òkè oníná ti fa kùrukùru bo orí.

"Kí lo rí?"
Ọmọńlé, Lola.
"Ọmọńlé wo? Ṣé orúkọ kan náà
ni mo fi ń pe ìwọ àti àbúrò rẹ?"

Mo tún un wò.
Ó lẹ̀ mọ́ àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù,
ara rẹ̀ funfun bí ìrẹsì tó sun omi mọ́jú,
díẹ̀ ló kù kí n rí kòkòrò tó jẹ lánàá nínú ikùn rẹ̀.
Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà nírù rẹ̀. Ó ń pòṣé.
"Ìyẹn kò níbi tí kì í gbé. Kọ ọ́.
Ó máa ń pòṣé bí aládùúgbò tí wọn ò pè síbi àsè."

Àwọn tó wà lẹ́yìn fèrèsé kéré sí i,
àmì dúdú tò lẹ́yìn wọn láti ọrùn dé ìdí
bí ẹyẹ tí ọmọdé fi pẹ́ńsù yà.
Mẹ́ta ni wọ́n. Ẹyin méjì lẹ̀ pọ̀ mọ́ igi fèrèsé.
Lola rẹ́rìn-ín.
"Obìnrin ni gbogbo wọn. Ìran yẹn kì í wá akọ.
Wọ́n ń yé, wọ́n ń pa, ọkọ kankan ò dá sí i."
Ìyá mi tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì gbójú sókè,
kò sọ nǹkan kan, ó padà sídìí òkúta.
Ọkọ tirẹ̀ wà lórí ọkọ̀ elépo,
ọdún méjì dín oṣù kan.

Ẹ̀gbọ́n wọn abẹ́ òrùlé, a kì í rí i,
ohùn rẹ̀ là ń gbọ́:
tú-kò! tú-kò!
Lola na ìka, ó ń kà. Bó bá pé méje, oríire dé.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ké, ó sì mí kanlẹ̀ bíi táyà tó jò.
"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ni Lola wí,
ó fi ẹnu tí kò léyín mọ́
ké ìkeje fún un.

Níta, kọ̀nkọ̀ kan ń sín màlúù jẹ nínú kòtò.
Mo tanná sí i: ó wú bí bọ́ọ̀lù,
ìgbànú aláwọ̀ osùn ní ìhà méjèèjì.
"Ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi pe ejò."
Lábẹ́ àga, ọ̀pọ̀lọ́ ńlá, ara kókó-kókó.
"Má fọwọ́ kàn án o! Ṣé o rántí ajá Ireneo?"
Mo rántí. Itọ́ funfun, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n.
Bírò pupa ni mo fi kọ tirẹ̀.

Mo rí ìfófó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, mo rò pé ọṣẹ ni,
mo ti gbé àkísà.
"Fi sílẹ̀! Ilé ọmọ ni. Wá ẹni tó kọ́ ọ.
Yóò ní ilà mẹ́rin lẹ́yìn,
orí ìka rẹ̀ yóò fẹ̀ bí ìdérí ìgò."

Mo wá a dé orí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo wá a dé ilé adìyẹ.
Bàtà rọ́bà tí Bàbá fi ń wọ oko ìrẹsì
ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà; Ìyá ń nù ún ní gbogbo Sátidé.
Inú ti òsì ni mo ti bá a,
àkèré orí igi, ilà mẹ́rin pé,
ojú rẹ̀ ń dán, kò sá.

Ìyá dé, ìrẹsì kún ọwọ́ rẹ̀.
Mo rò pé yóò da bàtà náà délẹ̀.
Ó bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀,
ó wọlé lọ.

"Kí lo kọ?" ni Lola ń bi mí.
Mo kọ: àkèré orí igi, ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì.
Ti ọ̀tún ṣì ṣófo.