Ìbéèrè Kẹfà

Ojú ewé mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù náà.
Mo kọ orúkọ mi, Múyìbátù Odùbọ̀tẹ̀,
nọ́ọ̀sì, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́,
opó, ọmọ mẹ́ta, yàrá méjì ní Ìjọ̀kun,
ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tí àwa àti èèyàn mẹ́sàn-án jọ ń lò.

Ìbéèrè kẹfà ló dá mi dúró:
"Ǹjẹ́ ẹ ti nílé rí?"

Nítorí ẹni tí kò nílé rí ni àǹfààní yìí wà fún.
Owó orí tí wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù mi
kí n tó fojú kàn án,
wọ́n ní àwọn ó máa dá díẹ̀ padà fún ọdún márùn-ún
kí n fi kún owó ilé tí wọ́n ń kọ́
lẹ́yìn Ṣágámù, níbi tí oko obì wà tẹ́lẹ̀.

Ilé àwọn èèyàn ni mo ti gbé.
Ti Sábó, òórùn obì tútù ló ń jí wa.
Ti Mákùn, òjò ń bá wa jẹun nínú abọ́ kan náà.
Ti Ìjọ̀kun yìí, Bàbá Ṣóyọ̀yè á dúró lẹ́nu fèrèsé,
á kí mi, á tún bá mi kẹ́dùn ọkọ mi,
á wá wúkọ́.
Mo ti mọ ikọ́ yẹn:
owó ilé fẹ́ gòkè ni.

Ṣùgbọ́n ní Ìpẹru ilé alámọ̀ kan wà
tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ lójú,
ibojì bàbá mi wà lẹ́bàá ògiri rẹ̀.
Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ìyá àgbà nawọ́ sí:
"Tìrẹ nìyí, Múyì. Ọmọ kì í ṣàlejò nílé bàbá ẹ̀."
Àbúrò bàbá mi ti kó jẹnẹrétọ̀ àti àpò gaàrí síbẹ̀.
Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí pé "Ọmọ ilé wo ni ẹ́?"
ahọ́n mi kì í kọsẹ̀.

Mo gbé ìwé tọ akọ̀wé lọ,
ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ṣódípẹ̀.
"Màmá, ṣé ìwé ilé náà wà lórúkọ yín?"
Kò sí.
"Ṣé ẹ lè tà á?"
Ta ní í ta ibojì bàbá ẹ̀?
"Ó dáa. Ẹ kọ rárá."

Mo kọ ọ́. Lẹ́tà mẹ́rin péré,
ó sì dà bíi pé mo sẹ́ ẹnìkan níwájú òǹtẹ̀.

Bàbá mi kan náà,
tó máa ń bá fèrèsé jáde bí akódà owó orí bá ń bọ̀,
tó kó àwọn rìsíìtì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì,
kò gbọ́ ọ rí, títí ó fi kú,
pé owó orí máa ń mọ ọ̀nà ilé.

Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan.
Kò tó ìpìlẹ̀. Kò tó ògiri.
Ó tó páànù, páànù àti ìṣó,
bóyá sílìn yàrá kan.
Owó tí wọ́n gé lé mi lórí
ló ń padà bọ̀ wá bò ó.

Ó tó. Kò tó. Mo buwọ́ lù ú.

Nígbà tí mo délé, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Bàbá Ṣóyọ̀yè wà lẹ́nu fèrèsé.
Ó kí mi. Ó bá mi kẹ́dùn ọkọ mi.
Mo dúró de ikọ́.