Pákó Tó Bá Là

Mo dé ìsọ̀ pákó ní Alékúwodò ní agogo mẹ́jọ àárọ̀,
orúnkún mi ọ̀tún ń ké bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin
tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tún ṣe ní réluwé Òṣogbo.
Dókítà ní kí n má rìn jìnnà mọ́.
Kò sọ pé kí n má wa ọkọ̀.
Àjẹ̀ kì í béèrè orúnkún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mùdáṣírù fa èyí tó dára jù jáde,
ó ń fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára:
"Bàbá, eléyìí ni ti inú omi. Òyìnbó ló ṣe é.
Ó lè wà nínú òkun títí ọmọ ọmọ yín á fi ṣe ìgbéyàwó."
Mo béèrè iye. Ó dá mi lóhùn.
Mo tún béèrè, bóyá etí mi ni.
Owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́ta fún pákó kan ṣoṣo,
oṣù mẹ́ta tí ìjọba kò tíì san.
Mo ní, "Dá a padà síbùsùn rẹ̀, má jẹ́ kí òtútù mú un."

A wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí àwọn mẹ̀kúnnù.
Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àjà yàrá:
mo gbé e sókè, ó tẹ̀ bí ẹni ń kí ọba.
Ojú rẹ̀ dán, ó pupa fòò,
ṣùgbọ́n má wo ojú pákó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o wò.
Ẹ̀gbẹ́ ni pákó ti ń jẹ́wọ́.
Mo ka ìpele rẹ̀: mẹ́ta. Àárín ṣófo
bí ẹ̀rín ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká.
Mo fi ìka kàn án: kó, kó, kó, pọ́ọ̀.
Ibi tó dún pọ́ọ̀ yẹn, omi ti rí ilé.

Èyí tó kẹ́yìn fara ti ògiri, ó dọ̀tí,
sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn létí, ojú ìṣó wà lára rẹ̀.
Àwọn bíríkìlà ti fi ṣe dẹ́kìn ilé kan ní Ògo-Olúwa.
"Àlòkù ni," Mùdáṣírù wí, ojú ń tì í díẹ̀.
Àlòkù ni èmi náà.
Ìpele márùn-ún, wọ́n fún mọ́ra bí èrò mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.
Pákó tó gbé kọnkéré tútù lé àyà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún,
tó mu omi sìmẹ́ńtì tí kò wú,
kí ni adágún Ọkínní fẹ́ fi í ṣe?

Síbẹ̀, omi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu.
Mo ní kó gé méjèèjì fún mi, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan.
Mo sè wọ́n.
Ìkòkò tí Sìdíkátù fi ń se ẹ̀wà ni mo lò, Ọlọ́run foríjì mí.
Omi hó fún wákàtí kan,
ilé ń rùn bí ọgbà agẹdú tí òjò pa.
Ó wọlé, ó ṣí ìdérí:
"Ọjọ́ wo lèyí máa jinná?"
Mo ní, "Àdúrà mi ni pé kó má jinná."

Ti àjà yàrá jinná. Ó ṣí ní ewé-ewé
bí ìwé tí àgbàrá gbé.
Ti dẹ́kìn wà bó ṣe wà.
Mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ létí, mo yí i, ọ̀bẹ ló tẹ̀.
Ó lẹ̀, kò là.
Nítorí pákó tó bá là lójú omi,
ẹni inú rẹ̀ kò ní là.

Ó wúwo, mo mọ̀. Ọkọ̀ mi kò ní sáré bí ti ọ̀dọ́.
Màá fi gọ́ọ̀mù dí ojú ìṣó,
màá fi ọ̀dà ewé tó ṣẹ́kù lára géètì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta.
Sìdíkátù ń wo àwòrán tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀ ilé:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, imú ṣóńṣó níwájú àti lẹ́yìn,
ihò kan láàárín, ìwọ̀n ìdí mi.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan ihò náà.
"Níbo lèmi máa jókòó sí?"

Lọ́la, bí orúnkún bá gbà fún mi,
màá padà sọ́dọ̀ Mùdáṣírù.
Ó ku pákó kan.